Ìyá Tó Ń Wọn Odò Ẹ̀lú

Ní abúlé Òkè-Ẹ̀lú, ní ọ̀nà oko Erio-Èkìtì, ní agboolé Ajíbádé, ni wọ́n ti bí Màmá wa, Díákónì Miriam Ayọ̀bọ́lá Bámigbóyè, ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 1941. Àgbẹ̀ ni baba wọn, Bàbá Ajíbádé, ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé ìsìn àkọ́kọ́ sí ní abúlé náà. Ruth ni orúkọ ìyá wọn. Bàbá mọ̀wé díẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ ìbí àkọ́bí rẹ̀ sí ẹ̀yìn Bíbélì, lábẹ́ ibi tó kọ iye igi kòkó tó gbìn lọ́dún náà sí. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àríyànjiyàn lórí ọjọ́ orí Màmá, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń fi ogun Hítílà ṣírò tiwọn.

Àwọn ọmọ Màmá ló ní kí àbúrò Màmá kan ṣoṣo tó kù láyé, Kọ́lápọ̀ Ajíbádé, kọ ìtàn yìí sínú ìwé ètò ìsìnkú wọn, nítorí kò sí ẹlòmíràn mọ́ tó rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jos ló ti ń kọ ọ́, níbi tó ti ṣe tíṣà tó sì fẹ̀yìn tì, láti ọdún márùndínlọ́gọ́ta tó ti kúrò nílé. Bí ẹ bá rí ibi tí ọdún kan ti yẹ̀, tàbí igi kan tí kò sí níbi tó ní ó wà mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fò ó. Ojú inú ló fi ń wo Òkè-Ẹ̀lú, ojú inú náà sì ti ń ṣe bàìbàì bíi ti òde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìtàn yìí tí kò ṣe bàìbàì rárá. Ẹ fara balẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ odò Ẹ̀lú kò lè mọ Màmá. Odò náà kò tóbi. Láti apá òkè Ẹ̀fọ̀n ló ti ń ṣàn bọ̀. Ó dúdú bí aró lábẹ́ ìbòji, ó sì mọ́ gaara níbi tí oòrùn bá ti kàn án. Lókè ni a ti ń pọn omi mímu. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń wẹ̀, lẹ́yìn wọn ni ibi ìfọṣọ àwọn obìnrin, tí àpáta ibẹ̀ ti yọ́ bí ọṣẹ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ibi tí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú, kí òórùn rẹ̀ má baà kan omi ẹnikẹ́ni. Ètò tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa nìyẹn, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí.

Láàárín ọdún 1948 sí 1952, Màmá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Erio. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n. Tíṣà na ọwọ́ náà títí wọ́n fi kọ́ láti máa fi ọ̀tún kọ̀wé, ṣùgbọ́n òsì ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yòókù. Bí ẹnikẹ́ni bá rán wọn létí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, Màmá a dáhùn pé, "Mi ò fi júwe ilé baba mi. Ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń bó."

Ní ọdún 1952, ìyá wọn, Ruth, ṣípò padà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Màmá, Kọ́lápọ̀ àbúrò wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ikú ti mú àwọn méjì tó wà láàárín wọn. Kò sí ẹni tó ní kí Màmá fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n kàn gbé apẹ̀rẹ̀ ìyá wọn, wọ́n sì gba ọ̀nà odò lọ. Ẹ̀yìn wọn ni àbúrò náà ti mọ ọ̀nà odò. Ó ṣì rántí bí omi tó ń ro láti inú apẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń kán sí i lórí.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ Màmá kò yí padà fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọn a wa ẹ̀gẹ́ lóko, wọn a bó o lábẹ́ igi ọ̀sàn tó wà níwájú ilé, wọn a kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọn a fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ odò. Ní ọjọ́ kẹrin, wọn a kó o jáde, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a dì í sínú àpò, wọn a gbé òkúta lé e. Ọjà Erio àti ti Àrámọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń tà á. Màmá kì í rẹ ẹ̀gẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, kí ó má baà rọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, nítorí wọn kò ní lọ kó o lọ́jọ́ náà, bó bá ti jẹrà kó jẹrà. Wọ́n á ní, "Olúwa mọ bí mo ṣe ń ka ọjọ́. Èmi náà sì mọ ọjọ́ tirẹ̀." Bí a bá ń wá ìgbàgbọ́ Màmá, ká má wulẹ̀ jìnnà lọ síbi àdúrà òru àti ààwẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gba àwọn náà. Ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ.

Inú ẹ̀gẹ́ yìí náà ni iṣẹ́ Màmá nínú ìjọ ti wá. Ìjọ Òkè-Ẹ̀lú a máa ri onígbàgbọ́ bọmi pátápátá, odò Ẹ̀lú ni a sì ti ń ṣe é. Ní ọdún 1958, Màmá sọ fún pásítọ̀ ìgbà náà pé òjò ọdún yẹn ti kó yanrìn kúrò níbi tí a ti ń ṣe ìrìbọmi, kí ó má gba ibẹ̀ wọlé. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ ẹlẹ́gẹ́ yìí, ṣé ìwọ lo dá odò ni?" Ìgbésẹ̀ kejì tó gbé, omi ti dé àyà rẹ̀, Bíbélì rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sí ọ̀nà Ọ̀ṣun. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tó yẹ kí wọ́n máa sunkún ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n fà á jáde, ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ odò ṣáájú Ayọ̀bọ́lá.

Báyìí ni Màmá di ẹni tó ń wọn odò. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìrìbọmi, wọn a wọ omi pẹ̀lú ọ̀pá gígùn kan, wọn a máa tẹ ilẹ̀ wò, títí wọn a fi rí ibi tó tẹ́jú tí omi rẹ̀ kò kọjá ìbàdí. Ibẹ̀ ni wọn a ti ki ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, tí wọn a sì so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ orí rẹ̀. Níbi tí imọ̀ bá wà ni pásítọ̀ ń dúró sí. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń so ó, ìdè náà a sì yí sápá òsì. Bí ènìyàn bá rí i láàárín ọgọ́rùn-ún ìdè, á mọ̀ pé tiwọn ni. Màmá a wá fi kún ọ̀rọ̀ wọn àtijọ́ pé, "Ilé baba mi kọ́ ni mo fi júwe o. Odò Olúwa ni."

Ní ọdún 1960, Màmá ṣe ìgbéyàwó mímọ́ pẹ̀lú Bàbá Bámigbóyè, àgbẹ̀ kòkó, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ méjì lójúmọ́. Màmá ń fi ṣe àwàdà pé ohùn ọkọ àwọn ni àwọn fẹ́, pé kò tíì fún àwọn. Olúwa fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ; Bọ́láwálé ni àkọ́bí. Owó fùfú ló rán àbúrò wọn, Kọ́lápọ̀, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjerò àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ lẹ́yìn náà. Bàbá Ajíbádé ti di arúgbó nígbà náà, kòkó rẹ̀ sì ti gbó.

A ti dé ibẹ̀ wàyí. Ẹ dákun, láti ibí yìí ẹ jẹ́ kí n máa pe ara mi ní èmi. Bí mo bá ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ó jọ pé mo tún ń sá ni.

Ìrìbọmi tèmi ni. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejìlá, ọdún 1968 ni wọ́n dá a sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọ ogún ọdún ni mí. Àwa méje ni a fẹ́ rì bọmi. Mo ti pe ọ̀rẹ́ mi méjì láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀kan ará Ìjerò, èkejì ará Àrámọ̀kọ̀, pé kí wọ́n wá wò mí. Ìjọ sì ti ṣèlérí láti fún mi ní lẹ́tà ìwà rere tí màá mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù kan ní Jos, níbi tí wọ́n ti ń wá tíṣà. Láìsí lẹ́tà náà, kò sí iṣẹ́.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, mo bá Ẹ̀gbọ́n mi lọ sódò. Ọyẹ́ ti mú kí omi fà. Ibi tí wọ́n ti rí ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ́dún náà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi ìrẹ̀gẹ́ gan-an, níbi tí apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá ti ń rùn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú òórùn yìí náà ni wọ́n máa rì wá sí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, imú rẹ ti di imú ará ìlú. Òórùn tó rán ọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn o."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sókè díẹ̀. Omi ibẹ̀ mọ́ jùyìí lọ."

"Omi mímọ́ kọ́ ni mò ń wá, ilẹ̀ ni. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí apẹ̀rẹ̀ mi, jàre."

Wọ́n ki ọ̀pá mọ́lẹ̀, wọ́n so imọ̀, wọ́n sì sáré lọ sí ulé, bí wọ́n ṣe máa ń pe ilé, torí Jùmọ̀kẹ́, ọmọ wọn tó wà lọ́mú, ti ń ké. Mo dúró síbẹ̀. Mo ń wo ara mi bí mo ṣe máa jáde nínú omi níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi, nínú aṣọ funfun, kí n máa rùn bí àpò fùfú. Mo wọ omi, mo fa ọ̀pá náà yọ. Mo gbé e lọ sókè, bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀, níbi tí igi ńlá kan ti wó sínú odò nígbà òjò. Omi ibẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Etí igi náà ni mo ki ọ̀pá mọ́. Imọ̀ náà ti tú, mo sì tún un so. Mi ò wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá dàgbà létí odò mọ̀ pé omi tó mọ́ gaara a máa tan ojú, pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn ju bó ṣe rí lọ. Èmi náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ dúró níbi tí imọ̀ wà. Ẹni àkọ́kọ́ wọlé, ó jáde. Ẹni kejì náà bẹ́ẹ̀. Jemimah ni ẹnì kẹta, ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kàndínlógún tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù kan. Bí pásítọ̀ ṣe ń tì í sẹ́yìn sínú omi, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kí ó lè rọrùn fún un. Abẹ́ igi tó wó náà ni ẹsẹ̀ yẹn bọ́ sí. Odò ti gbẹ́ ibẹ̀ di kòtò.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ létí odò ni, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ohùn wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "Kì í ṣe ibẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn, kì í ṣe ibẹ̀!" Pásítọ̀ àti Jemimah ti rì. Ìjọ ń kọrin síbẹ̀, torí wọ́n rò pé ara ìrìbọmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi tú ọmọ sọ́wọ́ obìnrin tó sún mọ́ wọn jù, wọ́n sì bẹ́ sínú omi. Pásítọ̀ di gbòǹgbò kan mú, ó yọrí. Jemimah ni wọn kò rí. Lábẹ́ igi náà ni wọ́n ti fi ọwọ́ òsì fà á nípa aṣọ, ọwọ́ náà sì há sáàárín ẹ̀ka méjì. Wọn kò jù ú sílẹ̀. A gbọ́ nígbà tí èjìká wọn yẹ̀.

Jemimah yè. Ó pọ omi, ó sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó dìde. Ọwọ́ òsì Ẹ̀gbọ́n mi kò ga ju ọmú wọn lọ mọ́ títí ọjọ́ ikú.

Ẹ ó bi mí pé kí ni èmi ń ṣe. Mo dúró létí odò nínú aṣọ funfun gbígbẹ. Èmi ni ó kàn tẹ̀lé ẹnì kẹrin.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn àgbà ìjọ jókòó. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Alága wọn bi Ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ìyá Bọ́lá, ṣé ẹ̀yin lẹ wọn odò?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé tí imọ̀ fi wà lórí kòtò?"

Ẹnì kan nínú àwọn àgbà ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ ìjọ da ẹ̀gẹ́ òun rú ni. Ó gbé Olúwa jìnnà sí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú padà, wọ́n wò mí. Wọn kò wò mí pẹ́. Wọ́n tún kọjú sí àwọn àgbà, wọ́n ní, "Ẹ máa bínú. Ẹ̀bi mi ni."

Mo lè dìde. Ẹsẹ̀ mi kò dùn mí, ahọ́n mi kò wúwo. Lẹ́tà ìwà rere náà ni mo ń rò.

Wọ́n gba odò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n sí ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Kí ọdún tó yí, abúlé ti fún wọn ní orúkọ: Ẹ̀gẹ́-sàn-ju-ẹ̀mí. Àwọn ọmọdé ń fi kọrin bí Ẹ̀gbọ́n mi bá ń ru apẹ̀rẹ̀ kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, mo wọ ọkọ̀ ní Erio pẹ̀lú lẹ́tà mi. Ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé gáréèjì. Wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ òsì kọ́rùn, wọ́n sì fi ọ̀tún na uṣu, iṣu sísè tí wọ́n dì fún mi, sí mi lójú fèrèsé. "Tíṣà, kọ̀wé o," ni ohun tí wọ́n sọ. Mo kọ̀wé. Mo kọ̀wé fún àádọ́ta ọdún, n kò kọ ìyẹn.

Èmi tí ẹ rí yìí, wọn kò rì mí bọmi ní odò Ẹ̀lú rí. Jos ni mo ti ṣe é, nínú adágún omi tí wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ, tí kò rùn.

Ó yẹ kí a padà sọ́dọ̀ Màmá. Wọn kò fi ìjọ sílẹ̀. Ní ọdún 1980, pásítọ̀ tuntun dé, ó sì béèrè ẹni tó mọ odò. Jemimah, tó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, dìde, ó ní, "Ẹni tó bá mi débi tí odò jìn dé ló mọ̀ ọ́n." Báyìí ni wọ́n dá odò padà fún Màmá lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n wá ń fi so imọ̀, Jemimah a sì máa di ọ̀pá mú fún wọn. Wọ́n ṣe é títí di ọdún 2016, nígbà tí orúnkún kò gbà fún wọn mọ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ ní gbogbo ọdún náà.

Wọ́n fi Màmá jẹ díákónì ní ọdún 1998, ogún ọdún lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n tọ́ ọmọ aláìlóbìí méjì. Wọ́n máa ń gbé fùfú fún àwọn opó lọ́jọ́ Ẹtì, wọn a sì sọ fún wọn pé ó ṣẹ́ kù lọ́jà ni, kó má baà jọ ìtọrẹ. Bàbá Bámigbóyè papò dà ní ọdún 2003. Déolú, àbíkẹ́yìn wọn, tẹ̀lé baba rẹ̀ ní 2009. Màmá sin àwọn méjèèjì, wọ́n sì padà sódò ní ọjọ́ kẹjọ.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kú. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ Jùmọ̀kẹ́, ẹnì kan nínú àwọn àna béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé ọmọ Ẹ̀gẹ́-sàn-ju-ẹ̀mí kọ́ nìyí?" Jùmọ̀kẹ́ gbọ́. Ní ìkórè ọdún 2019, ẹni tó di gbohùngbohùn mú tún fi ṣe àwàdà, ìjọ sì rẹ́rìn-ín. Àwọn tó rẹ́rìn-ín kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀ mọ́. Màmá náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 2021, Lọ́lá, ọmọ Bọ́láwálé, pè mí lórí fóònù, ó sì gbé e fún Màmá. A ń sọ̀rọ̀ òjò. Mi ò mọ ohun tó tì mí, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ odò ọjọ́sí—"

Wọ́n ní, "Kọ́lá, mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti inú omi. Nígbà tí mo di ọ̀pá yẹn mú láti fi gbéra, mo rí ìdè rẹ̀. Ìdè ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ta ló tún bá mi dé odò lọ́jọ́ náà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Wọ́n ní kí n yéé ná owó ìpè wọn. Wọ́n ní, "Mo ti dárí jì ọ́ kí aṣọ mi tó gbẹ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ṣé o lè wá? Kí o wá sọ ọ́ fún wọn lójú mi. Orúkọ yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan, ó ti mọ́ mi lára. Àwọn ọmọ mi ló ń jẹ ẹ́."

Mo ní Àjíǹde tó ń bọ̀. Nígbà tí Àjíǹde dé, wọ́n ní ọ̀nà kò dára. Mo ní ìkórè. Nígbà ìkórè, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú mi. Ní 2023, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ara ìyàwó mi kò yá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Bí mo bá tò wọ́n pọ̀ tán, wọn kò tó ọ̀nà ọdún mẹ́ta, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti márùndínlọ́gọ́ta. Ojú ń tì mí ni. Ojú àwọn ènìyàn tó ti kú tán ni ó ń tì mí.

Ní òpin oṣù kẹfà ọdún yìí, Màmá tún pè. Ohùn wọn ti fúyẹ́. "Tíṣà, ìgbà wo lò ń bọ̀ ní ulé?" Mo ní oṣù kẹjọ, tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Màá máa wọ̀nà." Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù keje, ọdún 2024, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, Màmá jókòó sábẹ́ igi ọ̀sàn níwájú ilé, wọ́n kọjú sí ọ̀nà, wọ́n sì sùn lọ nínú Olúwa. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọ Òkè-Ẹ̀lú, ẹ̀yin ará Erio àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa péjọ, mo ti wá báyìí, mo sì ti pẹ́. Èmi Kọ́lápọ̀ ni mo gbé imọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi wọn odò bó ṣe tọ́. Ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ wọn gan-an ni wọ́n fi Olúwa sí, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti tẹ́jú. Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ gba orúkọ burúkú yẹn kúrò lára wọn kí a tó gbé wọn wọ inú ilẹ̀. Bí ẹ bá gbọdọ̀ so ó mọ́ ẹnì kan, mo wà ní ìjókòó iwájú. Màá tún fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀; Pásítọ̀ ti gbà fún mi.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Màmá ni: Bọ́láwálé Bámigbóyè, tíṣà àgbà ní Ìjerò-Èkìtì, Olúwaṣeun Bámigbóyè, tó ń dá oko kòkó baba rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀lú, Jùmọ̀kẹ́, ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ ìrìbọmi náà, tó ń ṣòwò ní Ará-Èkìtì, àwọn ìyàwó ilé àti àna, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, tí Lọ́lá jẹ́ àgbà wọn, ọmọ-ọmọ-ọmọ mẹ́fà, ọmọ méjì tí wọ́n gbà tọ́, Màmá Jemimah, ẹni tí wọ́n fà yọ nínú omi, tí ẹbí ti kà mọ́ ọmọ, àti àbúrò wọn, Kọ́lápọ̀.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ètò wa ni pé ní ọ̀sán Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìsìnkú yìí, Màmá Jemimah yóò mú mi lọ sí odò Ẹ̀lú. Òun ni yóò di ọ̀pá mú. Èmi yóò wọ omi lẹ́bàá ibi ìrẹ̀gẹ́, bí agbára mi bá ti mọ, màá sì so imọ̀ ọ̀pẹ padà síbi tí wọ́n fi í sí ní ọdún 1968. Mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì so ó láti ọ̀sẹ̀ méjì yìí. Kò tíì jọ tiwọn.

Ẹ sùn re o, Ìyá Bọ́lá, ọmọ Ruth, ọmọ Ajíbádé tó fi ilẹ̀ fún Olúwa. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ wọ omi kí ẹlòmíràn tó wọ̀ ọ́. Èyí tí ẹ ń là kọjá lónìí, Ẹnìkan ti wọ̀n ọ́n ṣáájú yín, kò sì sí ẹni tó lè gbé àmì rẹ̀ kúrò. Ẹ máa rìn jẹ́jẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú.